Ọkọ Mi Nìkan Ni Mo Rí Níbẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára kí ènìyàn fi ayé rẹ̀ ṣe, èmi ò ní tàn yín. Ògbufọ̀ ni mo ṣe. Kóòtù májísíréètì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ṣe é títí irun orí mi fi funfun. Àwọn kan rò pé ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá, tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti di ògbufọ̀ nìyẹn. Gbogbo wa la ní ọwọ́ méjì, ṣé gbogbo wa la wá lè hun òfì ni?

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi ń ta bàtà ní Ọjà Balógun, Ìjẹ̀bú ni ìyá mi, àwọn ará Ọ̀yọ́ ló kún agboolé tí a ń gbé, nítorí náà kò sí irú Yorùbá tí n kò gbọ́ láti kékeré. Mo kàwé níwọ̀nba, kóòtù ń wá ènìyàn, wọ́n mú mi. Owó oṣù wọn kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Wọn kò tíì parí Afárá Kẹta nígbà náà.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Dísù, àgbà ògbufọ̀ kóòtù wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín tó bá ti wọ kóòtù. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó bi mí pé òwe wo ni wọ́n fi kọ́ mi nílé nípa ẹni tí a rán níṣẹ́. Inú mi dùn, mo ní: “Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.” Mo rò pé yóò yìn mí. Ó ní kí n lọ fi òwe náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá ń lọ sílé kí n mú un dání, nítorí ó wúlò nílé, ó wúlò lọ́dọ̀ àna. Ṣùgbọ́n nínú kóòtù, tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ ẹrú, ti ẹrú gan-an ni kí n jẹ́. Ẹni tó bá bú májísíréètì, kí n bá a bú u débi tó bú u dé, kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ eegun inú rẹ̀.

Òfin rẹ̀ kejì ló le jù fún mi. Bí olè bá ní “mo jí i,” èmi náà gbọ́dọ̀ ní “mo jí i.” N kò gbọdọ̀ ní “ó ní òun jí i.” Ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni mo jẹ́, n kì í ṣe ẹni tó ń ròyìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin ará Kàlàbá kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ bó ṣe lu ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá, èmi náà sì dìde, mo kígbe sí gbogbo kóòtù pé, “Mo lù ú, mo sì tún máa lù ú.” Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan jókòó lẹ́yìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ fún ìyá mi pé Bùràímọ̀ ọmọ rẹ̀ ti jẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fẹ́ ìyàwó.

Bàbá Dísù a máa rán mi lọ sí Balógun pé kí n lọ dúró síbi tí àwọn oníléèsì bá ti ń jà. Tí mo bá padà, mo gbọ́dọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, àti èpè àti èébú, ti ará Ìjẹ̀bú lọ́tọ̀, ti ará Ọ̀yọ́ lọ́tọ̀. Tí ojú bá tì mí tí mo fo èpè kan, á mọ̀, nítorí òun náà ti dúró lódìkejì títì, ó ń gbọ́. Ìyà rẹ̀ ni pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a ó fi kírun Àsárì. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè fi fóònù sílẹ̀ kí ẹ jẹun, ẹ wò ó bóyá ẹ máa lè ṣe é.

Òfin kẹta ni pé tí ọ̀rọ̀ kan bá ní ikùn méjì, kí n má bá ẹni tó sọ ọ́ yan èyí tó wù mí. Kí n tọrọ ààyè lọ́wọ́ adájọ́, kí n bi onítọ̀hún. “Ẹ̀rí rẹ kọ́,” báyìí ni bàbá máa ń wí, “kí ló kàn ọ́ tí o fẹ́ bá a yan?”

Irinṣẹ́ wa náà ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni májísíréètì fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ kí kálàmù rẹ̀ lè bá mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé tépù wá, èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀. Bàbá Dísù kórìíra rẹ̀. A ti máa ń sọ pé ẹyin lohùn, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ní ẹyin náà kò kúrò ní ẹyin, àwọn òyìnbó kàn wá ohun tí wọn yóò máa fi ṣa èèpo rẹ̀ jọ ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n sì ní kó lọ sinmi.

Ọ̀rọ̀ tí mo jókòó láti sọ gan-an nìyí. Ayé àwọn ológun ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Mótò ológun kan dúró sẹ́nu ọ̀nà kóòtù wa, àwọn ènìyàn tú ká. Ògbufọ̀ ni wọ́n wá, ẹni tí kì í ṣe sójà, tí kò sì ní ẹbí kankan lọ́dọ̀ wọn. Ó kàn mí. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Dísù nílé rẹ̀. Ó ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n má fi ẹ̀rù túmọ̀, nítorí ẹnu tó bá ń gbọ̀n kì í sọ òótọ́ tán. Wọ́n gbé mi gba Marina lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun kan lódìkejì ọ̀sà. N kò ní dárúkọ rẹ̀.

Wọ́n ti pa ọmọ kan níbẹ̀. Túndé ni wọ́n ń pè é, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gágun, kò tíì pé ogún ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, nígbà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wà ní pápá bọ́ọ̀lù, ẹnì kan fi ìdí ìbọn lù ú lórí lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó ìbọn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé náà, ọta ìbọn ti dín. Sájẹ́ǹtì Làsísì, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ló ń tọ́jú ibẹ̀, òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Túndé sì ti sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá pé òun ti rí ẹni tó ń jí ọta kó, pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè òun máa fẹjọ́ sùn. Kò sọ orúkọ.

Èyí tó wá dè é mọ́ Làsísì lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, Rísíkátù. Obìnrin náà ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìsọ̀ rẹ̀ sì kọjú sí ilé ìkóbọnsí yẹn. Ọlọ́pàá ológun kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ ti bi í pé ta ló rí níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó dáhùn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá gbé Làsísì dé iwájú àwọn ọ̀gágun tó fẹ́ dá ẹjọ́ náà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan láti Òkè Ọya ni olórí wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ Yorùbá. Tí ẹ̀bi bá já mọ́ ọn lórí, wọ́n máa so ó mọ́ àgbá, wọ́n á sì yìnbọn pa á. Làsísì ní òun kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Láti àárọ̀, kò gbójú sókè.

Wọ́n pe Rísíkátù. Ó fi Al-Kùránì búra. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè láìsí ìjà. Bàbá Múrí ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Bàbá Múrí kì í yọ ọ́ kúrò lára bẹ́líìtì, àfi tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀. Bàbá Múrí kì í bínú, wọn kò lu òun rí. Múrí ni àkọ́bí wọn, Bàbá Múrí sì ni Làsísì. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń yí sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀gágun tó ń rojọ́ fún ìjọba wá ka ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n bi í bóyá ó sọ ọ́. Mo bi í pé, “Ṣé ẹ sọ pé ẹ ò rí ẹlòmíì lẹ́yìn ilé náà yàtọ̀ sí ọkọ yín?”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi nìkan ni mo rí níbẹ̀. Ó ń ṣan ọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ há abíyá.”

Mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè méjèèjì yóò jẹ́rìí mi. Àwọn ọ̀gágun wo ara wọn, wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Láti àárọ̀ ni obìnrin yìí ti ń pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Múrí, tó ń fi “wọ́n” pọ́n ọn lé. Báwo ló ṣe wá di “ọkọ mi” lójijì? Báwo ló ṣe di “ó ń ṣan ọwọ́,” tí kò ní “wọ́n ń ṣan ọwọ́”? Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan náà ni àgbà àti ọmọdé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń pe àna yín lórúkọ gbàǹgbà, ó lè má yé yín. Ní agboolé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé. Á sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀, á pe ọ̀kan ní Akọ̀wé, á pe ọ̀kan ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Gbogbo wọn pátá, àti ọkùnrin àti obìnrin, títí dé ọmọ ọwọ́ tó ṣì ń tọ̀ sílé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́.

Mo bojú wo Làsísì. Ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá lójijì kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo rí i pé ó ti mọ̀ tipẹ́.

Mo kọjú sí Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹlẹ́rìí sọ ní ju ìtumọ̀ kan lọ ní èdè wa, pé mo fẹ́ ààyè láti bi í èwo ló ń sọ. Làsísì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó tún máa lanu nìyẹn, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́: “Ògbufọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.”

Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ nínú kóòtù, mo gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wo Làsísì títí, ó ní kí n béèrè.

Mo ní, “Ìyá Múrí, èwo nínú àwọn ọkọ yín lẹ rí?”

Ó ní, “Ọkọ mi kékeré ni. Àbúrò Bàbá Múrí. Ẹni tó ń kàwé níbí.”

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kó pe orúkọ rẹ̀. Rísíkátù ní òun kò lè pè é, òun bá a nílé ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò yé wọn, wọ́n ní kí n ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Ọ̀gágun kékeré kan rẹ́rìn-ín, Kọ́nẹ́ẹ̀lì wò ó, ó dákẹ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wá sọ ọ̀rọ̀ kan fún obìnrin náà, èmi sì ni ẹnu rẹ̀. Mo ní, “Tí ẹ ò bá pe orúkọ yẹn, èyí tó wà nínú ìwé ni màá tẹ̀lé, wọ́n á sì so ọkọ yín mọ́ àgbá.”

Rísíkátù wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni màá so ó. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí. Ọ̀rọ̀ ọta tó dín ló rò pé wọ́n fi ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé. Ó ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi mú Bàbá Múrí?” Mo túmọ̀ rẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yíjú sí Làsísì. Làsísì ní, “Má pè é.” Mo túmọ̀ rẹ̀.

Rísíkátù kúnlẹ̀. Àwọn ọ̀gágun kọ́ ló kúnlẹ̀ fún, ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní, “Bàbá Múrí, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò ṣe nǹkan kan.” Mo rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń wá ohun tí kò gbé rí. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọ wá jẹun.

“Kàmórù.”

Mo la ẹnu láti sọ ọ́ fún wọn. Kí ohùn mi tó jáde, mo gbọ́ bàtà tó ró gbà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tó fẹ́ jáde lọ́dún náà ni wọ́n kó jókòó síbẹ̀ kí wọ́n lè wo bí òfin ológun ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ti dìde láàárín wọn, ó dúró ṣánṣán, àyà síwájú, ojú rẹ̀ kò wo ibì kan. Wọ́n ti kọ́ wọn pé tí a bá pe orúkọ wọn níwájú ọ̀gá, kí wọ́n dìde kí wọ́n sì jẹ́.

“Sà!” ló wí.

Ìgbà tí ó dáhùn tán ló tó mọ ohun tí ó dáhùn sí. Mo rí i bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò tún dúró kí n túmọ̀ nǹkan kan.

Ó jẹ́wọ́. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń wẹ̀ ló máa ń yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì ń ta ọta fún àwọn ẹni ibi. Túndé rí i. Ó bẹ Túndé títí, Túndé kọ̀, ó sì ṣe ohun tó ṣe. Ìyá Túndé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jẹ́wọ́, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí kò sunkún. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìdílé Làsísì mú yín gbàgbé ọmọ tirẹ̀. Èmi náà ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n tú Làsísì sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gba aṣọ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kọ́kọ́rọ́ tí kò tọ́jú. Kàmórù ni wọ́n so mọ́ àgbá. Nígbà tí mo ròyìn fún Bàbá Dísù, ìbéèrè kan péré ló bi mí: ṣé mo fi nǹkan kún un? Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ sùn. N kò rí oorun sùn. Nígbà tó yá, mo pàdé Làsísì ní CMS. Ó dúró, ó kí mi dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n ẹ má wá kí wa nílé.” N kò lọ.

Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n gbé makirofóònù wá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù wá. Ojú wá ń ti àwọn ẹlẹ́rìí láti sọ Yorùbá, wọ́n á máa sọ irú Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé òun gan-an ló nílò ògbufọ̀. Mo fẹ̀yìn tì, a dúpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí nínú yín, kó ṣe é, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó bá gba ẹnu rẹ̀ kọjá yóò fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìyá arúgbó kan wá bá mi níwájú ilé. Ó bi mí bóyá èmi ni ògbufọ̀ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn sójà. Mo mọ ẹni tó jẹ́ kó tó sọ ọ́. Ìyá Làsísì ni, òun ló bí àwọn méjèèjì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó má bínú.

Ó ní, “Mi ò wá bínú. Mo bí méjì, wọ́n kúkú máa mú ọ̀kan. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Gẹ̀ẹ́sì wo lo fi fà á lé wọn lọ́wọ́?”

Mo ní, “Orúkọ rẹ̀ nìkan ni, Ìyá. Orúkọ kò ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó lanu gan-an ló ti dáhùn.”

“Ó dáhùn?”

“Ó dáhùn, Ìyá.”

Ó di ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

“Láti kékeré ni,” ó ní. “A kì í pè é lẹ́ẹ̀mejì.”